Ọdún Kẹta Rẹ, Làtíìfù, àti Ìbọn Inú Àpótí Aṣọ

Ọdún mẹ́ta rèé, Làtíìfù. Ọdún mẹ́ta géérégé lónìí tí o jí láàárọ̀ láti ṣe àlùwàlá, tí mo wà lórí ibùsùn tí mò ń gbọ́ omi tó ń ṣàn ní balùwẹ̀, tó ń ṣàn, tó ń ṣàn, tí mo fi dìde wá bá ọ láti bi ọ́ pé ṣé o fẹ́ fi odò Thames wẹ ẹsẹ̀ tán ni. Yẹ̀yẹ́ ni mo fẹ́ fi ọ́ ṣe. Mi ò mọ̀ pé o ti lọ.

Ọkọ mi! Bàbá Hameedah! Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́! Ọmọ Àjíṣafẹ́ ará Ìwó tó fi Peckham ṣe ilé! Ẹ̀gbọ́n rẹ, Alhaji Ọlábọ̀wálé, ṣì ń bínú pé mò ń pè ọ́ ní "ìwọ". Wọ́n ní ìyàwó tó gbẹ̀kọ́ kì í bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní kíláàsì kan náà la jọ jókòó sí ní Ìwó, mo sì máa ń ṣáájú rẹ nínú ìdánwò. Mi ò lè ṣẹ̀ṣẹ̀ wá máa kí ọ ní "ẹ" nísinsìnyí tí o ò lè dá mi lóhùn mọ́.

Jẹ́ kí n ròyìn ilé fún ọ.

Hameedah ti di nọ́ọ̀sì. Ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Camberwell ló wà, tó bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, bàtà rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí ẹnu ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bíi tìrẹ. Oyún tó wà nínú rẹ̀ nígbà tí o lọ ti di ọmọ. Obìnrin ni. Ràfíátù la sọ ọ́, orúkọ ìyá rẹ, imú rẹ ló sì gbé wá sáyé, a ò lè yọ ọ́ kúrò. Ó ti ń sáré káàkiri ilé, ó ti ń bú mi ní gẹ̀ẹ́sì. Gàrí ló fẹ́ràn jù lọ láyé yìí. Èmi ni mo kọ́ ọ, ìyá rẹ̀ ń pariwo pé ṣúgà rẹ̀ pọ̀ jù, àwa méjèèjì ò dá a lóhùn.

Waris náà ti di awakọ̀ bọ́ọ̀sì! Ọmọ tó máa ń ní òun ò lè ṣe iṣẹ́ bàbá òun láéláé. Jákẹ́ẹ̀tì rẹ ló ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, apá rẹ̀ kúrú díẹ̀ fún un. Oríta Elephant tí o mọ̀ bí ẹní mowó ti yí padà, tí o bá dé ibẹ̀ lónìí, wàá ṣìnà, ìwọ tí o máa ń fi ojú dídì yí ọ̀nà ibẹ̀. Ilé tí à ń kọ́ sí Ìwó ti kan páànù, ó ku ká rẹ́ ẹ. Èmi ṣì wà ní ilé ìdáná iléèwé, mo ṣì ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ tí kì í jẹ ẹ̀fọ́. Ẹ̀rọ tó ń gbé wa lọ sókè ṣì ń bàjẹ́ lóṣooṣù.

Ibi tí ìròyìn ayọ̀ parí sí nìyẹn. Ó kù, mo fẹ́ bi ọ́ ní ìbéèrè kan. Èwo ni ti ìbọn, Làtíìfù?

O mọ àpótí irin aláwọ̀ ewé tó wà lábẹ́ ibùsùn wa. Ogún ọdún ó lé la fi sùn lé e lórí. O ní agbádá rẹ ló wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lára kọ́kọ́rọ́ ilé tí kì í kúrò lápò rẹ. Nígbà tí a ṣe fídáù ogójì ọjọ́ rẹ, mo kó kóòtù rẹ jáde, mo kó bàtà rẹ jáde, àwọn èèyàn mú èyí tó bá wọn mu. Àpótí yẹn nìkan ni ọwọ́ mi kò lè fà. Mo ní tí mo bá fi agbádá rẹ tọrẹ, kí ló tún kù tó ní òórùn rẹ?

Nígbà tí ààwẹ̀ ọdún yìí dé, mo bá ara mi sọ̀rọ̀. Mo ní Hàlímọ̀tù, ó tó. Mo ní kí n fi àpótí náà ṣe sàdáákà fún ọ, kí ẹ̀san rẹ̀ bá ọ níbi tí o wà. Ìyá mi sì ti kọ́ mi láti kékeré pé ẹni tó bá ń tú sàdáákà wò kó tó gbé e sílẹ̀ ti fi ojú gba ẹ̀san rẹ̀ padà. Nítorí náà mi ò ṣí i. Mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn, mo ní kí Waris gbé e lọ fún Alfa Nasrullah.

Waris gbé e lé èjìká. Ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ó sì fi ẹsẹ̀ gbé e sọ̀ kalẹ̀ láti òkè kẹrin. Ó gbé e sẹ́yìn mọ́tò, ó gba òpópónà Rye Lane kọjá lọ́sàn-án gangan. Ọmọ yìí, ọlọ́pàá ti dá a dúró nígbà mẹ́fà láti ìgbà tó ti pé mẹ́rìnlá, wọ́n á tú àpò rẹ̀, wọ́n á tú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, wọn ò bá nǹkan kan rí. Ọjọ́ tó wá gbé nǹkan dání ni kò sẹ́ni tó dá a dúró. Mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ọjọ́ yẹn títí, ẹnu ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi.

Ọjọ́ kẹta ni Alfa dé. Wọ́n ti àpótí náà lórí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kó ìrẹsì ní ṣọ́ọ̀bù, òógùn bò wọ́n, wọn ò jókòó. Wọ́n ní, "Ìyá Hameedah, Allah á gba sàdáákà yín o, but this one, kì í ṣe fún èmi. Ọmọ márùn-ún ló wà nílé mi, please." Wọ́n fi àpótí sílẹ̀, wọ́n lọ. Mo rò pé kòkòrò ló jẹ agbádá rẹ. Ojú tì mí ní tèmi, mo ní mo ti fi aṣọ jíjẹ tọrẹ.

Mo ṣí i. Agbádá sányán rẹ ló wà lókè, lábẹ́ rẹ̀ ni agolo bisikíìtì kan wà, nínú agolo ni aṣọ ìnura wà, nínú aṣọ ìnura ni ìbọn ìléwọ́ wà. Dúdú, kékeré, ó wúwo ju bó ṣe tóbi lọ. Bébà ìwé iléèwé kan ló wà lórí rẹ̀, ọwọ́ rẹ ló kọ ọ́, ọwọ́ dáadáa yẹn tí tíṣà máa ń fi hàn gbogbo kíláàsì.

"Ti Bàbá Sójà ni. Wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ kí wọ́n tó kú. Kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ó já bọ́ lọ́wọ́ mi ní 1995, ó yìn fúnra rẹ̀. Ọta mẹ́ta ló kù nínú rẹ̀, mi ò lè yọ wọ́n. Ẹ má jẹ́ kó já bọ́. L. Àjíṣafẹ́."

Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Mo mọ Bàbá Sójà. Àbúrò bàbá rẹ tó jagun nígbà ayé òyìnbó, tó dé London kí wọ́n tó bí wa, tí o ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní ilé ìjọba Aylesbury kí èmi tó dé. Mo rántí kàlẹ́ńdà Mẹ́kà tó wà lára ògiri yàrá yẹn, tí ọdún rẹ̀ ti kọjá, tí ẹ̀yin méjèèjì kò jẹ́ kí n yọ. Mo ní kàlẹ́ńdà ti pẹ́, ẹ ní ó lẹ́wà. Ihò ìbọn ló ń bẹ lábẹ́ rẹ̀, àbí? O sọ fún mi nígbà kan pé ìkòkò ẹ̀wà bú mọ́ yín lójú níbẹ̀, tí àwọn ará ìsàlẹ̀ fi gun òkè wá wò yín. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ọdún mélòó ni mo fi ń fi ìkòkò ẹ̀wà yẹn ṣe ọ́ ní yẹ̀yẹ́!

Mo mọ ìdí tí o ò fi gbé e fún wọn nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ẹni tó bá ní irú rẹ̀ mú un wá. Ìwé ìgbélùú wa kò tíì jáde. A máa ń yà sí kọ̀rọ̀ tí a bá rí ọlọ́pàá tó ń ra búrẹ́dì. Ta ni yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá wọn pẹ̀lú ìbọn? Mi ò bá ọ wí lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwé jáde ní 2003, Làtíìfù! O ní ogún ọdún! Ogún ọdún tí mo fi ń sùn lé e lórí, tí àwọn ọmọ rẹ ń fò sókè fò sódò lórí ibùsùn yẹn, tí o ń pariwo mọ́ wọn pé kí wọ́n sọ̀kalẹ̀, tí èmi ń sọ pé jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣeré. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ìwọ fi í sábẹ́ ibùsùn, o sì ń hanrun.

Inú bí mi sí ọ. Jẹ́ kí n sọ ọ́ lónìí tó jẹ́ ọjọ́ rẹ. Inú bí mi sí ọ débi pé ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mi ò fi lè ṣàdúà fún ọ, mo kàn ń jókòó lórí ẹní ìkírun ni.

Mo pe Ìwó. Alhaji ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n ní, "Ìyàwó wa, ohun tí Bàbá Sójà gbé dé láti ojú ogun, ẹ fẹ́ gbé e fún òyìnbó? Ogún ìdílé Àjíṣafẹ́ ni. Ẹ dì í mú títí n ó fi dé." Ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ dé? Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti kọ̀ láti fún wọn ní físà. Mo ní Alhaji, ìbọn yìí lè pa wá. Wọ́n ní kí n rọra gbé e. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ èyí tó gún mi lọ́kàn. Wọ́n ní, "Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni àbúrò mi lò ní London, ọlọ́pàá ò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ rí. Ṣé ẹ̀yin ìyàwó rẹ̀ lẹ máa wá bá a kọ ọ́ nígbà tó ti kú?" Òótọ́ ni. Ohun tí gbogbo ènìyàn fi mọ ọ́ nìyẹn. Wọ́n sọ ọ́ níbi ìsìnkú rẹ, wọ́n sọ ọ́ níbi fídáù: Làtíìfù tí ìjọba ò rí ẹ̀ṣẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀, kódà ti mọ́tò.

Ọ̀rẹ́ rẹ Ọlátòkunbọ̀ tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò náà wá. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún un. Ó ní kí n tà á. Ó ní, "Madam, calm down. I know a guy. Ó máa gbé e bẹ́ẹ̀ láìbéèrè nǹkan kan." Mo ní ta ni guy yẹn. Ó ní àwọn kan máa ń kó nǹkan àtijọ́ jọ. Mo ní ṣé guy náà mọ̀ pé tó bá já bọ́, ó máa ń yìn fúnra rẹ̀? Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "You don't have to tell him that one."

O rántí Adéníkẹ́ tí a jọ ń gé kárọ́ọ̀tì ní ilé ìdáná. Ọmọ rẹ̀ ni wọ́n yìnbọn pa lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n so òdòdó ìrántí mọ́ òpó iná fún, ọmọ ọdún méjìdínlógún, kò ja ẹnikẹ́ni níyàn, ó kàn ń bọ̀ láti ibi tó ti lọ gé irun ni. Títí di òní, wọn ò mọ ibi tí ìbọn yẹn ti wá. Adéníkẹ́ máa ń sọ ọ́ nígbà mìíràn tí a bá ń ṣiṣẹ́, á kàn dá ọ̀bẹ dúró. Á ní ó ti ilé ẹnì kan jáde. Á ní ìyá kan wà nínú ilé yẹn. Báwo ni mo ṣe máa ta tìrẹ, kí n sì tún padà lọ dúró ti obìnrin yẹn láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè?

Hameedah lọ bá àwọn tó mọ òfin. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà le. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá ká irú rẹ̀ mọ́ lọ́wọ́, ọdún márùn-ún ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Wọ́n ní tí a bá fúnra wa pe ọlọ́pàá tí a sì sọ òtítọ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má fi ẹ̀sùn kàn wá, àmọ́ wọn ò lè ṣèlérí. Wọ́n béèrè bóyá ẹ̀rí kankan wà pé kì í ṣe ti àwọn ọmọ. Bébà rẹ nìkan ló wà. Hameedah ní, "Mummy, we're calling them. Simple." Waris jókòó sórí àga rẹ, nínú jákẹ́ẹ̀tì rẹ. Ó wá ní, "Mummy, swear down, èmi ni wọ́n máa mú. They won't even ask."

Mo wo ojú ọmọ mi, mi ò lè pe ẹnikẹ́ni.

Oṣù méjì rèé, Làtíìfù! Mi ò lè dì í mú, mi ò lè tà á, mi ò lè gbé e jáde. Mi ò lè sọ ọ́ sódò, nítorí mi ò lè rìn dé odò pẹ̀lú rẹ̀. Kí ni mo ṣe? Má rẹ́rìn-ín. Mo rì í sínú ike gàrí, pẹ̀lú aṣọ ìnura rẹ̀, nínú ike ńlá tí gàrí Ìjẹ̀bú wà ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná. Mo ní gàrí rọ̀, kò ní jẹ́ kó já bọ́. Mo fi ìdérí dé ike náà, mo lọ ra kékeré mìíràn tí à ń jẹ. Láti ọjọ́ náà mi ò gúnyán. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ilẹ̀kùn gbàgà. Tí ará òkè bá gbé àga sọlẹ̀, àyà mi á já. Mò ń fi ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ rìn nínú ilé ara mi bí olè.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé tó kọjá, Hameedah wà níbi iṣẹ́, èmi àti Ràfíátù la wà nílé. Mò ń kírun àsárì. Mo forí kanlẹ̀, mo gbọ́ tí nǹkan kan yí gbirigbiri ní ilé ìdáná. Ìdérí ike ni. Mi ò parí ìrun yẹn. Mo bá a níbẹ̀ lórí àpótí ìjókòó kékeré, ife rẹ̀ wà ní ọwọ́ òsì, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti wọnú gàrí dé ìgbúnwọ́. Gàrí wà ní imú rẹ̀, ìyẹn imú rẹ. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, "Grandma, there's something." Ó di etí aṣọ ìnura mú, ó ti ń fà á bọ̀ lókè.

Mi ò pariwo. Mi ò mọ ẹni tó fún mi ní ohùn jẹ́jẹ́ yẹn. Mo ní Ràfí, ọmọ dáadáa, fi sílẹ̀ fún Grandma. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wò mí, ó sì fi sílẹ̀. Mo gbé Ràfíátù, mo jókòó sílẹ̀ ní kọ́rídọ̀, mo sì sunkún débi pé ọmọ náà ń fi ọwọ́ gàrí nu ojú mi. Làtíìfù, èmi ni mo kọ́ ọ ní gàrí. Ìwọ lo gbé ìbọn sílẹ̀ o, àmọ́ èmi ni mo gbé e síbi tí ọmọ náà fẹ́ràn jù láyé. A jọ ṣe é ni. Mi ò lè máa bínú sí ìwọ nìkan mọ́.

Ìgbà yẹn ni mo pinnu pé màá pe ọlọ́pàá, pé ọjọ́ rẹ ló máa jẹ́.

Òní ni. Mo kí ìrun àárọ̀ tán, mo bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí. Nígbà tó di aago mẹ́wàá mo pè wọ́n. Obìnrin kan ló gbé e, ohùn rẹ̀ dára. Ó béèrè orúkọ mi, ó béèrè òpópónà wa, ó béèrè bóyá ọta wà nínú rẹ̀. Ó wá béèrè bóyá ẹni tó ni ín wà nínú ilé báyìí. Mo ní rárá. Ó ní ṣé ó máa padà wá. Mo ní, "No, darling. He's not coming back." Ọdún mẹ́ta, mi ò tíì fi ẹnu ara mi sọ ọ́ rí. Ọlọ́pàá ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún.

Ó ní kí gbogbo wa jáde, kí n ti ilẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìsàlẹ̀ ilé ni mo wà yìí, lórí bẹ́ǹṣì tí o ti máa ń dúró de mọ́tò àwọn awakọ̀ tó ń lọ síṣẹ́ ìdájí. Ìwé wà lórí orúnkún mi. Mo rán Ràfíátù lọ sí ilé Adéníkẹ́. Hameedah jókòó tì mí. Mo ní kí Waris lọ síbi iṣẹ́, ó kọ̀, ó ní òun ò ní sá. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà níta àpò. Bó ṣe máa ń dúró tí ọlọ́pàá bá ń bọ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ nínú wa, àdúgbò ló kọ́ ọ.

Bébà rẹ wà lọ́wọ́ mi. Òun ni mo máa fún wọn. Òun nìkan ló lè sọ pé kì í ṣe ti Waris. Ìlà mélòó kan péré, mo ti kà á títí mo fi mọ ọ́n sórí, mò ń wá ibi tí o ti dárúkọ mi. O ò dárúkọ mi. "Ẹ má jẹ́ kó já bọ́" lo kọ. Mo ti gbà pé èmi lò ń bá wí níbẹ̀. Òun ni ohun ìkẹyìn tí mo ní tí o fi ọwọ́ kọ, wọn ò sì ní dá a padà fún mi.

Ní irú ọjọ́ báyìí, àwọn ìdílé mìíràn ń fi orúkọ òkú wọn yangàn. Èmi máa dúró níwájú ọlọ́pàá, màá sì fi ẹjọ́ rẹ sùn. Dárí jì mí. Tí mi ò bá dárúkọ rẹ, ọmọ rẹ ni wọ́n máa dárúkọ. Alhaji ní mo ba orúkọ jẹ́. Ó ṣeé ṣe. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á gbà mí gbọ́, mi ò mọ̀ bóyá Waris á sùn sílé lálẹ́ òní, mi ò mọ̀ bóyá èmi gan-an á sùn síbẹ̀. Mi ò mọ nǹkan kan mọ́, ọkọ mi. Tí o bá wà, ìwọ lò bá mọ̀.

Mo ń rí mọ́tò wọn báyìí, méjì, wọn ò tẹ fèrè. Hameedah ti dìde.

Làtíìfù Àjíṣafẹ́, Bàbá Hameedah, Bàbá Waris, bàbá àgbà Ràfíátù tí kò rí ọ. Tí wọ́n bá béèrè ẹni tó ni ìbọn, màá ní ọkọ mi ni. Tí wọ́n bá béèrè irú ènìyàn tí ọkọ mi jẹ́, mo máa jókòó, mo sì máa sọ ọ́ fún wọn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ilé ṣófo láìsí ọ. Mo ṣì fẹ́ ọ.

Hàlímọ̀tù rẹ.